THABIT BIN QURRAH ARÁ HARRAN: ẸNI TÍ Ó WÁ ÒFIN FÚN ÀWỌN NỌ́ŃBÀ Ọ̀RẸ́

Ìtàn ìgbésí ayé tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ti ọ̀mọ̀wé kan tí ó ti kúrò láyé láti ohun tí ó lé ní 1,100 ọdún sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ni Thabit bin Qurrah, Abu'l-Hasan ni wọ́n sì tún máa ń pè é. Oníṣirò ni, onímọ̀ ìràwọ̀ ni, oníṣègùn ni, ògbufọ̀ sì ni pẹ̀lú.

Ìdí tí a fi yàn án ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa gbà pé ìṣirò jẹ́ ohun ìní ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan, pé ohun tí ilé kéú ní kò ju kíkà, kíkọ àti nahawu lọ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ìmọ̀ ogún pípín dé ibi tí a ti ń tún ìpìlẹ̀ ìpín ṣe mọ̀ pé olùkọ́ kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọjá láìmọ ìbátan mẹ́rin tí ó lè wà láàárín nọ́ńbà méjì. Èkíní ni tamaathul, kí àwọn méjèèjì dọ́gba, bíi 5 àti 5. Èkejì ni tadaakhul, kí ọ̀kan wọ inú èkejì láìsí àṣẹ́kù, bíi 3 àti 9. Ẹ̀kẹta ni tawaafuq, kí nọ́ńbà mìíràn wà tí yóò pín àwọn méjèèjì, bí 2 ti ń pín 4 àti 6. Ẹ̀kẹrin ni tabaayun, kí ohunkóhun má pa wọ́n pọ̀ àyàfi 1, bíi 3 àti 4. Àwọn mẹ́rin wọ̀nyí ni àáfà fi ń pín oko, ilé àti owó tí òkú fi sílẹ̀ láìrẹ́ ọmọ tàbí opó kankan jẹ.

Ṣùgbọ́n ìbátan kan tún wà tí kò sí nínú ìwé ogún pípín. Òun ni tahaabb, èyí tí í ṣe kí nọ́ńbà méjì fẹ́ràn ara wọn. Àwọn ará ìgbàanì mọ̀ pé irú méjì bẹ́ẹ̀ wà. Thabit ni ó wá òfin tí a ó fi máa rí wọn, tí ó sì fi ẹ̀rí gbe òfin náà lẹ́sẹ̀.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI IṢẸ́ TÍ Ó KỌ́KỌ́ ṢE

Ní nǹkan bíi ọdún 836, èyí tí í ṣe 221 lẹ́yìn Hijra, ni wọ́n bí Thabit ní ìlú Harran. Ìlú yìí wà ní gúúsù ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, kò jìnnà sí ààlà ilẹ̀ Síríà. Èdè Síríákì ni èdè ìyá rẹ̀, ó gbọ́ èdè Gíríìkì, ó sì gbọ́ Lárúbáwá. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Saabi'ah, àwọn tí wọ́n ń bọ ìràwọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́: Thabit kì í ṣe Mùsùlùmí, inú ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀ ni ó wà títí ó fi kú. Síbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí bíi Ibn al-Nadim, al-Qifti, Ibn Khallikan àti Ibn Abi Usaybi'ah kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé wọn, wọn kò sì fi ohun tí ó yẹ ẹ́ dù ú. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá lè ṣe é, àwa náà lè ṣe é.

Iṣẹ́ pípààrọ̀ owó ni Thabit kọ́kọ́ ń ṣe. Ẹni tí ó ń pààrọ̀ owó láyé ìgbà náà gbọ́dọ̀ mọ dinar yàtọ̀ sí dirham, kí ó mọ bí fàdákà ìlú kan ṣe tẹ̀wọ̀n ju ti èkejì lọ, kí ó sì lè ṣírò kí oníbàárà tó ṣẹ́jú. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ mọ nọ́ńbà nìyẹn, kí ó tó di pé ìwé mọ̀ ọ́n.

BÍ Ó ṢE DÉ BAGHDAD

Ibn Khallikan ròyìn pé èdèàiyédè ṣẹlẹ̀ láàárín Thabit àti àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ lórí ohun tí ó gbà gbọ́, débi pé wọ́n dí i lọ́nà láti wọ ilé ìjọsìn wọn. Ó kúrò ní Harran, ó sì lọ ń gbé ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Kafr Tutha. Ibẹ̀ ni Muhammad bin Musa bin Shakir bá a nígbà tí ó ń ti ilẹ̀ Rúùmù bọ̀, tí ó ń padà sí Baghdad.

Ó yẹ kí a mọ ẹni tí Muhammad yìí í ṣe. Òun ni àgbà nínú àwọn ọmọ Musa mẹ́ta, Muhammad, Ahmad àti al-Hasan, tí Khalifa al-Ma'mun mú dàgbà, tí wọ́n sì di ọ̀gá nínú ìmọ̀ ìwọ̀n ilẹ̀, ìràwọ̀ àti ẹ̀rọ. Owó wọn pọ̀, ìwé ni wọ́n sì ń fi í rà. Wọ́n ń rán ènìyàn lọ sí ilẹ̀ Rúùmù láti lọ wá ìwé àwọn ará Gíríìkì, wọ́n sì ń san owó fún àwọn tí yóò túmọ̀ wọn sí Lárúbáwá. Ibn al-Nadim kọ ọ́ pé nǹkan bíi 500 dinar ni wọ́n ń ná lóṣooṣù lórí àwọn ògbufọ̀ bíi Hunayn bin Ishaq, Hubaysh àti Thabit. Ìmọ̀ kò wá sí Baghdad lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan ná owó sí i.

Nígbà tí Muhammad gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yọ̀ lẹ́nu Thabit ní èdè mẹ́ta, ó mú un dání lọ sí Baghdad, ó fi í sí ilé ara rẹ̀, ó sì ń kọ́ ọ. Báyìí ni onípàṣípààrọ̀ owó ṣe di akẹ́kọ̀ọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì di ọ̀gá.

Iṣẹ́ tí Thabit ṣe nínú ìtumọ̀ kò kéré. Ó tún ìtumọ̀ ìwé Euclid tí Ishaq bin Hunayn ṣe yẹ̀ wò, ó sì ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ó ṣe bákan náà fún ìwé ńlá Ptolemy lórí ìràwọ̀, èyí tí a mọ̀ sí al-Majisti. Ó túmọ̀ ìwé Nicomachus lórí ìmọ̀ nọ́ńbà. Ó túmọ̀ ìwé karùn-ún, ìkẹfà àti ìkeje nínú ìwé tí Apollonius kọ lórí àwọn ìlà tí a máa ń rí nígbà tí a bá gé òkòtó. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti sọnù ní èdè Gíríìkì. Bí kì í bá ṣe ti Lárúbáwá Thabit, ayé ìbá má ní wọn mọ́.

ÌSỌ̀RÍ ÀWỌN NỌ́ŃBÀ

Kí a tó sọ òfin tí ó wá, a ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé ohun tí àwọn ará Gíríìkì ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹ mú bébà àti kálámù yín, nítorí ẹni tí ó bá kàn ń fi ojú kà á kò ní gbádùn rẹ̀.

Ìpín nọ́ńbà ni gbogbo nọ́ńbà tí ó kéré sí i tí ó lè pín in láìsí àṣẹ́kù. 1 wà lára wọn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, ìpín 6 ni 1, 2 àti 3. Nọ́ńbà tí kò ní ìpín kankan àfi 1, bíi 5, 11 àti 71, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní awwal. Bí a bá wá ro àwọn ìpín nọ́ńbà kan pọ̀, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ni a ó rí.

Bí àròpọ̀ náà bá ṣe déédéé pẹ̀lú nọ́ńbà náà, nọ́ńbà pípé ni, taamm. 6 jẹ́ pípé, nítorí 1, 2 àti 3 jẹ́ 6. 28 náà jẹ́ pípé, nítorí 1, 2, 4, 7 àti 14 jẹ́ 28. Lẹ́yìn wọn ni 496, lẹ́yìn rẹ̀ ni 8,128. Wọn kò pọ̀ rárá.

Bí àròpọ̀ náà bá ju nọ́ńbà náà lọ, alálékún ni, zaa'id. Ìpín 12 ni 1, 2, 3, 4 àti 6, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 16.

Bí àròpọ̀ náà bá dín sí i, alábùkù ni, naaqis. Ìpín 8 ni 1, 2 àti 4, àròpọ̀ wọn kò ju 7 lọ.

Ẹ wá wo 220. Ìpín rẹ̀ ni 1, 2, 4, 5, 10, 11, 20, 22, 44, 55 àti 110. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 284 ni. Alálékún ni 220, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ wá wo 284. Ìpín rẹ̀ ni 1, 2, 4, 71 àti 142. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 220 ni. Alábùkù ni 284, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó o. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan fi lé ni èkejì fi dín. Ohun tí ó wà nínú èyí ni ó bí tọ̀hún, ohun tí ó wà nínú tọ̀hún ni ó sì bí èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè wọ́n ní mutahaabbaan, àwọn méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Nínú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, èyí tí ó kéré ni ó máa ń jẹ́ alálékún, èyí tí ó tóbi ni ó sì máa ń jẹ́ alábùkù.

ÒFIN THABIT

Àwọn ọmọlẹ́yìn Pythagoras ni wọ́n máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ 220 àti 284. Láti ayé wọn títí di ayé Thabit, ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún kan lọ, àwọn méjì yìí nìkan ni ènìyàn ń fi ẹnu bà. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé tí Thabit kọ lórí wọn, ó ṣe àkíyèsí pé Euclid àti Nicomachus sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà pípé, ṣùgbọ́n kò rí ẹnì kankan nínú wọn tí ó yà sí ọ̀dọ̀ nọ́ńbà ọ̀rẹ́. Nítorí náà, ó jókòó tì í. Ìlànà mẹ́wàá ni ó tò sínú ìwé náà, èyí tí ó ṣáájú ń gbe èyí tí ó tẹ̀ lé e, ìkẹwàá sì ni òfin fúnra rẹ̀.

A ó sọ òfin náà ní ọ̀nà tí ọmọ tí ó mọ ìsọdipúpọ̀ lè fi tẹ̀ lé e. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà tí ń lọ ní ìlọ́po méjì sílẹ̀: 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128. Ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ sì yọ 1 kúrò. Ohun tí ẹ ó rí ni 5, 11, 23, 47, 95, 191 àti 383. Ẹ mú méjì tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn nínú àwọn wọ̀nyí. Ẹ fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, kí ẹ sì yọ 1 kúrò. Ìyẹn ni nọ́ńbà kẹta. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ awwal, ìlẹ̀kùn ti ṣí. Ẹ padà sí ìlọ́po méjì tí ó bí èyí tí ó tóbi nínú àwọn méjì àkọ́kọ́. Ẹ fi sọ àwọn méjì àkọ́kọ́ di púpọ̀ pọ̀, ẹ ti rí ọ̀rẹ́ kan. Ẹ fi sọ ìkẹta di púpọ̀, ẹ ti rí ọ̀rẹ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. A mú 5 àti 11. 6 lọ́nà 12 jẹ́ 72, a yọ 1, ó ku 71. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ awwal. 4 ni ó bí 11. 4 lọ́nà 5 lọ́nà 11 jẹ́ 220. 4 lọ́nà 71 jẹ́ 284. Àwọn ará ìgbàanì yọjú.

Ẹ mú 11 àti 23. 12 lọ́nà 24 jẹ́ 288, a yọ 1, ó ku 287. Ṣùgbọ́n 7 pín 287, ó sì jẹ́ 41. Kì í ṣe awwal. Bí ẹnì kan bá ṣe agídí tí ó ń bá iṣẹ́ lọ, 2,024 àti 2,296 ni yóò rí. Àròpọ̀ ìpín 2,024 jẹ́ 2,296 lóòótọ́, ṣùgbọ́n àròpọ̀ ìpín 2,296 jẹ́ 2,744. Ọ̀kan fẹ́ràn èkejì, èkejì kọjú sí ibòmíràn. Ẹ rí i pé Thabit kò fi gbólóhùn nípa awwal síbẹ̀ lásán.

Ẹ mú 23 àti 47. 24 lọ́nà 48 jẹ́ 1,152, a yọ 1, ó ku 1,151. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ awwal, 16 ni ó sì bí 47. Nítorí náà, 17,296 àti 18,416 jẹ́ ọ̀rẹ́.

Kí ni ìdí rẹ̀? Àṣírí rẹ̀ kò farapamọ́. Bí a bá ro ìpín 220 pọ̀, tí a sì fi 220 fúnra rẹ̀ kún un, 504 ni. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún 284, 504 náà ni. Ti 220 wá láti inú 7 lọ́nà 6 lọ́nà 12. Ti 284 wá láti inú 7 lọ́nà 72. 6 lọ́nà 12 sì ni 72. Ìdí tí Thabit fi ní kí a fi 1 kún un, kí a sọ ọ́ di púpọ̀, kí a sì yọ 1 nìyẹn: kí àpapọ̀ méjèèjì lè bọ́ sí ojú kan náà.

NỌ́ŃBÀ ŃLÁ KAN: 9,363,584

Ó kù àwọn tí ó tẹ̀ lé e. 47 àti 95 kò ṣeé lò, nítorí 5 pín 95. 95 àti 191 kò ṣeé lò nítorí ìdí kan náà. Ó wá kan 191 àti 383. 192 lọ́nà 384 jẹ́ 73,728, a yọ 1, ó ku 73,727. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ dájú pé awwal ni 73,727 yóò fi gbogbo nọ́ńbà awwal láti 2 títí dé 271 pín in wò, wọ́n sì jẹ́ 58. Ìgbà 58 ni yóò pín in, ìgbà 58 ni àṣẹ́kù yóò wà. Ẹ ro bí èyí ti rí fún ẹni tí kò ní ju kálámù, tàdáà àti àtùpà lọ.

128 ni ó bí 383. 128 lọ́nà 191 lọ́nà 383 jẹ́ 9,363,584. 128 lọ́nà 73,727 jẹ́ 9,437,056. Ìpín 9,363,584 jẹ́ 31, ti 9,437,056 sì jẹ́ 15 péré. Alálékún ni èyí tí ó ní ìpín 31, alábùkù ni èyí tí ó ní 15. Ẹ ro ìpín tàkọ́kọ́ pọ̀, ẹ ó dé 9,437,056. Ẹ ro ti èkejì, ẹ ó padà sí 9,363,584. Bí a bá ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan mọ́ ìpín rẹ̀, 18,800,640 ni àwọn méjèèjì jẹ́.

Òfin tí Thabit fi sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án ni àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ lé. Kamal al-Din al-Farisi, ọmọ ilẹ̀ Páṣíà tí ó kú ní nǹkan bíi ọdún 1319, kọ ìwé kan tí ó pè ní Tadhkirat al-Ahbaab, ìrántí fún àwọn ọ̀rẹ́. Inú rẹ̀ ni ó ti fi ọ̀nà mìíràn fi ẹ̀rí òfin náà múlẹ̀, tí ó sì kọ 17,296 àti 18,416 sílẹ̀. Ibn al-Banna' ará Marrakush, tí ó kú ní ọdún 1321, mọ̀ wọ́n pẹ̀lú. Muhammad Baqir al-Yazdi, ọmọ ilẹ̀ Páṣíà náà, ni ó kọ 9,363,584 àti èkejì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní ilẹ̀ Faransé, Fermat kéde 17,296 àti 18,416 ní ọdún 1636, Descartes sì kéde àwọn ńlá ní ọdún 1638. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, orúkọ àwọn méjì yìí ni wọ́n fi ń pe àwọn nọ́ńbà náà fún ìgbà pípẹ́. A kò bá Fermat àti Descartes jà, ọ̀mọ̀wé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbin igi náà ní orúkọ.

Òdodo tún ní kí a sọ ibi tí òfin náà mọ. Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà ọ̀rẹ́ ni ó lè mú jáde. Ní ọdún 1747, Euler ará Switzerland gbé ọgbọ̀n irú nọ́ńbà méjì-méjì bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì wá púpọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1866, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan ní ilẹ̀ Ítálì, Nicolò Paganini, rí 1,184 àti 1,210, èyí tí gbogbo àwọn àgbà ti fò kọjá. Òfin Thabit kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti inú òfin Thabit gan-an, mẹ́ta tí a ti kà yìí nìkan ni ọwọ́ tíì tẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti wá ìkẹrin lọ jìnnà réré.

NỌ́ŃBÀ KÌ Í ṢE OÒGÙN

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ibn Khaldun, tí ó kú ní ọdún 1406, sọ nínú Muqaddimah rẹ̀ pé àwọn tí ń ṣe tírà máa ń lo 220 àti 284 láti fi fa ìfẹ́ sáàárín ènìyàn méjì. Títí di òní, a ń rí ọmọ kéú tí kò tíì lè ṣírò ìpín 12, ṣùgbọ́n tí ó ń wá nọ́ńbà tí yóò fi sínú hàntú kí ọmọbìnrin kan lè fẹ́ràn rẹ̀ tàbí kí ọjà ìyá rẹ̀ lè tà. Ìwé kan lórí irú iṣẹ́ àwòrán àti ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ wà tí wọ́n ń fi orúkọ Thabit pè ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí àwọn ọ̀mọ̀wé máa dárúkọ rẹ̀ lórí 220 àti 284 kì í ṣe tírà, ẹ̀rí ni. Ìfẹ́ tí wọ́n ní láàárín nọ́ńbà wọ̀nyí jẹ́ ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ lásán: àwọn ìpín wọn ni ó bá ara wọn mu. Bí a bá kọ wọ́n sórí bébà tí a fi omi ṣàn án mu, àwọn ìpín náà kò ní yí padà, ọkàn ẹlòmíràn náà kò sì ní yí padà. Ẹni tí ó lo nọ́ńbà fún oògùn kò mọ nǹkan kan nípa nọ́ńbà náà ju bí a ti ń kọ ọ́ lọ.

IYÌ RẸ̀ LỌ́DỌ̀ KHALIFA

Ní ayé Khalifa al-Mu'tadid, tí ó gorí oyè ní ọdún 892, Thabit di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ààfin. Àwọn òpìtàn ròyìn pé ìfẹ́ àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ kí oyè tó dé, nígbà tí bàbá al-Mu'tadid fi í sí àhámọ́. Thabit máa ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀n ilẹ̀, ìràwọ̀ àti ìtàn àwọn ọlọ́gbọ́n, kí ọkàn rẹ̀ má baà rẹ̀wẹ̀sì.

Wọ́n tún ròyìn pé ní ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì ń rìn nínú ọgbà ààfin, Khalifa sì fara ti ọwọ́ Thabit. Lójijì ni Khalifa fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, jìnnìjìnnì sì bo Thabit, nítorí ẹni tí a ń bẹ̀rù ni al-Mu'tadid. Khalifa wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún un pé ìgbàgbé ni ó mú kí òun gbé ọwọ́ òun lé orí ọwọ́ rẹ̀, nítorí ọwọ́ onímọ̀ ni ó yẹ kí ó wà lókè. Ọba tí ń bẹ lórí ìtẹ́ ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀, tí ó sì ti fìgbà kan rí jókòó sídìí owó pípààrọ̀.

IKÚ RẸ̀ ÀTI ÀWỌN TÍ Ó FI SÍLẸ̀

Thabit kú ní Baghdad ní oṣù Safar ọdún 288 lẹ́yìn Hijra, èyí tí í ṣe oṣù kejì ọdún 901. Ó fi ìwé púpọ̀ sílẹ̀ lórí ìṣirò, ìràwọ̀, ìṣègùn, agogo oòrùn àti òṣùwọ̀n. Ó sì fi ọmọ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Sinan di olórí àwọn oníṣègùn Baghdad. Ní ọdún 931, Khalifa al-Muqtadir pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo aláìsàn mọ́ àfi ẹni tí Sinan bá ti dán wò, wọ́n sì ròyìn pé àwọn tí ó wá síwájú rẹ̀ lé ní 800. Sinan yìí gba ẹ̀sìn Islam ní ayé Khalifa al-Qahir. Ọmọ Sinan, Ibrahim, tí wọ́n bí ní ọdún 908, di oníṣirò ńlá. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí ó ṣòro jù tí bàbá rẹ̀ àgbà ṣe, ó sì fi ẹ̀rí tí ó kúrú gan-an ṣe é. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún tí ó fi kú ní ọdún 946.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Èkíní, àpẹẹrẹ kan dára, ṣùgbọ́n òfin ju àpẹẹrẹ lọ. Fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ ni ènìyàn fi ń yìn 220 àti 284. Thabit kò dúró síbi ìyìn, ó béèrè ibi tí wọ́n ti wá. Ọmọ tí ó kọ́ ìdáhùn sórí lè gba máàkì ní ọdún yìí. Ọmọ tí ó mọ ìdí rẹ̀ ni yóò ṣe olùkọ́ lọ́dún tí ń bọ̀.

Èkejì, òfin tí ó ní ẹ̀rí lè dúró de ẹni tí yóò lò ó. 9,363,584 wà nínú òfin Thabit láti ọjọ́ tí ó ti gbé kálámù sílẹ̀, ó sì tó 700 ọdún kí a tó rí ẹni tí ó kọ ọ́ sórí bébà. Kí olùkọ́ má ṣe rò pé iṣẹ́ òun ṣòfò nítorí pé kò rí èso rẹ̀ lójú ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìṣirò jẹ́ ara ogún ilé kéú. Ẹni tí ó bá ń pín ogún pẹ̀lú tawaafuq àti tabaayun ti wà ní ẹnu ọ̀nà ilé tí Thabit gbé inú rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ wọlé. Iṣẹ́ ilé tí a fún yín kí ìsinmi tó parí ni pé kí ẹ wá gbogbo ìpín 17,296. Wọ́n jẹ́ 19. Ẹ rò wọ́n pọ̀ láìlo ẹ̀rọ ìṣirò. Bí ẹ kò bá dé 18,416, ẹ tún un rò.